Ta Ló Kọ́ Yín ní "Bó Ṣe Máa Ń Ṣe Nìyẹn"?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ kóòdù ní Yábàá, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, àti ẹ̀yin tí ẹ ti jápá tí ẹ ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, gbólóhùn kan ló wá tú u síta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin kan ló sọ ọ́, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fi sọ ọ́: "Ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn, sà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, wọn ò ju mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n ń ṣe áàpù fún àwọn alájọ, kí alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lè máa fi fóònù kọ owó tí àwọn ìyá ọjà bá dá, dípò káàdì tí òjò máa ń pa. Iṣẹ́ rere ni, inú mi sì dùn sí i. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo débẹ̀, ayọ̀ ni wọ́n fi ń ròyìn fún mi pé àwọn ti gbé ìdánwò aládàáṣiṣẹ́ kalẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá fi kóòdù tuntun ránṣẹ́, ẹ̀rọ ni yóò dán an wò, ẹ̀rọ náà ni yóò sì fèsì bóyá ó yege tàbí kò yege. Mo ní ó dára. Mo wá lọ dúró lẹ́yìn ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ìkángun tábìlì. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó débẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìdánwò mẹ́rin ló tò wálẹ̀. Ọ̀kan ní àmì àwọ̀ ewé, ọ̀kan ní àmì pupa. Iwájú méjì tó kù, yẹ́lò ló wà níbẹ̀: òbìrìkìtì kékeré kan tó ń retí, tó ń retí, tí kò sì dé ibì kan.

"Láti àná ló ti wà bẹ́ẹ̀, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Mo ti tún kóòdù yẹn kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe."

Kò ṣì í ṣe rárá. Mo ka kóòdù rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ọmọ yìí ti fi ọjọ́ kan gbáko wá ẹ̀bi lára ara rẹ̀, ó ti ba ohun tó dára jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi wá ojúure òbìrìkìtì kan. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin tó jókòó tì í sọ gbólóhùn rẹ̀. Òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú lòun sọ. Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni.

Mo ní kí wọ́n ṣí fáìlì tó ń darí ìdánwò náà fún mi. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi ká lọ, kò le. Bí kóòdù bá dé orí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù pamọ́ sí, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò gbà á, tí yóò tò ó pọ̀ di ohun tó ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì dán an wò. Ẹ̀rọ náà kì í dá wá, àmì ni a fi ń pè é. A ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ báyìí báyìí ni kó jẹ́ iṣẹ́ yìí, bí ìgbà tí a rán ọmọ sí ẹni tó ń gbé ojúlé kẹta. Àmì yẹn ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pè ní label. Bí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn bá wà nílé, iṣẹ́ á yá. Bí kò bá sí mọ́, GitHub ò ní sọ fún ẹ pé ẹni tí ò ń pè ti kó lọ. Yóò to iṣẹ́ náà sórí ìlà, yóò máa retí. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ fúnra yín gbé kalẹ̀ ni ẹ ń pè, wákàtí 24 ni yóò fi retí kó tó kéde pé iṣẹ́ náà kùnà.

Àmì tí yẹ́lò àkọ́kọ́ ń pè ni "server-tuntun." Mo bi wọ́n pé èwo ni server-tuntun nínú àwọn ẹ̀rọ yín. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ẹni tó pẹ́ jù níbẹ̀ ló wá rántí pé ẹ̀rọ tí àwọn kọ́kọ́ rà nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ ni, igun yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì ló máa ń wà. Wọ́n ti tà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà, tí ẹlòmíì ti rà lọ sílé, òun ni wọ́n tún ń rán ọmọ ọlọ́mọ sí lójoojúmọ́.

Ti ìkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Test-node14" lorúkọ rẹ̀. Node 14 tí wọ́n ń sọ yìí, ẹ̀dà sọ́fítíwíà kan tó ń mú kóòdù ṣiṣẹ́ ni, oṣù kẹrin ọdún 2023 ni àwọn tó ṣe é ti dẹ́kun títọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí èyí tó tuntun, wọ́n sì ti yí orúkọ ìdánwò náà padà nínú fáìlì. Wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò dé ẹnu ọ̀nà. Òfin tí wọ́n fi há ẹnu ọ̀nà tí kóòdù ń gbà wọlé ṣì ń sọ pé bí "test-node14" kò bá fèsì, ilẹ̀kùn ò gbọdọ̀ ṣí. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé. Títí ayé ni ilẹ̀kùn yẹn ìbá máa retí rẹ̀, nítorí èyí kì í ṣe ti wákàtí 24, èyí kò ní gbèdéke kankan.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí ilẹ̀kùn tí kò ṣí? Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọ eegun nìyí. Wọn ò lọ wo orúkọ tó wà lára òfin. Ọ̀gá wọn fún gbogbo wọn ní agbára láti fo ilẹ̀kùn náà kọjá. Bọ́tìnnì kan báyìí ni, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kóòdù yín á wọlé láìka ohun tí ìdánwò bá sọ sí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fò ó. Òkìtì tí wọ́n fi ń fo èyí tó ń retí òkú ni wọ́n fi ń fo èyí tó wà láàyè tó ń sọ òótọ́.

Ẹ rántí àmì pupa kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ti ọmọbìnrin yẹn, ó bá a níbẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí pupa náà ti wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kà á. Ìdánwò náà ń sọ pé bí èèyàn kan náà bá dá owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan ni áàpù ń kọ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ ketekete, ó tọ́ka sí ìlà kóòdù tó fà á. Kò sẹ́ni tó kà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá oníṣu kan ló jìyà rẹ̀. Ó dá àjọ láàárọ̀, ọjà wá tà fún un lọ́sàn-án, ó tún dá iye kan náà nírọ̀lẹ́. Ó ní ìwé kékeré kan tó máa ń fi ọ̀rá wé, báírò aláwọ̀ búlúù ló fi ń fa ìlà sínú rẹ̀, ìlà kan fún owó kan. Ìlà méjì ló wà lábẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó fi han alájọ, alájọ wo fóònù, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ kì í parọ́." Ìyá àgbà tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà ni wọ́n sọ di ẹni tí kò mọ iye tó dá. Ẹ sì wò ó o, ẹ̀rọ kò parọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́. Ó ti kùn ún ní pupa fún yín fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ni ẹ ti kọ́ ara yín láti má gbọ́.

Mo mọ èsì tó wà lẹ́nu àwọn kan nínú yín. Ẹ fẹ́ sọ pé orúkọ lásán ni, pé ta ni kò mọ̀ pé server-tuntun kò sí mọ́. Ẹ tẹ́tí sí mi. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà pa pọ́ùn tì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, náírà méjì sí pọ́ùn kan. Ìyá mi ń ta aṣọ, ó sì ka pọ́ùn títí ó fi fi ọjà sílẹ̀. Bó bá ní aṣọ kan jẹ́ pọ́ùn márùn-ún, oníbàárà á ka náírà mẹ́wàá sí i lọ́wọ́, ìjà ò sí níbẹ̀. Ṣílè kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Wọ́n ń fi orúkọ tó ti kú ṣe òwò tó wà láàyè, kò sì dà rú mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí pé orúkọ àtijọ́ wà lẹ́nu wọn, ìrántí rẹ̀ sì wà lórí wọn. Bákan náà ni ìyàwó ilé tó ti bímọ mẹ́rin, tí gbogbo agboolé ṣì ń pè ní ìyàwó. Kò sẹ́ni tó máa wọlé kó bi í pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó.

Ẹ̀rọ kò gbé agboolé yín rí. Kò mọ̀ pé pọ́ùn ti di náírà. Ohun tí ẹ bá kọ fún un ló gbà gbọ́, bí ẹ bá sì pè é ní tuntun lónìí, tuntun ni yóò máa jẹ́ lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá di àlòkù. Èyí ni kò yé yín. Ẹ ń fi ọgbọ́n tí à ń lò fún èèyàn bá ẹ̀rọ lò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń fi ojú ara yín dán kóòdù wò bíi ti àtẹ̀yìnwá, àmì àtijọ́ kò ní pa yín lára púpọ̀, nítorí ẹ ó máa fò ó bí ẹni ń fo kòtò tó ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá ti ní kí ẹ̀rọ máa dánwò kó sì máa fèsì, gbogbo kòtò yẹn ti di ojú ọ̀nà. A kì í tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ tí a ò gbá.

Bí mo bá fi ti ìyá oníṣu nìkan kọ́ yín, àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ kékeré ni, owó kékeré ni. Ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, sọ́dọ̀ àwọn tó lówó.

Knight Capital ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìpín ìdókòwò ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà fún àwọn oníbàárà, wọ́n sì tóbi gan-an nínú iṣẹ́ náà. Nínú sọ́fítíwíà wọn, apá kan wà tó ń jẹ́ Power Peg. Ọdún 2003 ni wọ́n ti dẹ́kun lílò rẹ̀, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 2005, wọ́n ṣí apá tó ń ka iye ìpín tí wọ́n ti rà tàbí tí wọ́n ti tà kúrò níbi tó wà, wọn ò sì dán Power Peg wò lẹ́yìn ìyẹn, nítorí kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Nígbà tó di ọdún 2012, ọjà ìpín New York gbé ètò tuntun kan jáde, Knight sì kọ kóòdù tuntun tí yóò fi kópa nínú rẹ̀. Wọ́n nílò àmì kan tí yóò máa jí kóòdù tuntun náà. Dípò kí wọ́n dá tuntun, wọ́n mú àmì tó ń jí Power Peg láyé àtijọ́, wọ́n fún un ní ìtumọ̀ mìíràn.

Sáfà mẹ́jọ, ìyẹn ẹ̀rọ tí sọ́fítíwíà náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ni wọ́n ní. Ẹni tó ń gbé kóòdù tuntun síbẹ̀ gbé e sí méje, ó gbàgbé ẹ̀kẹjọ, kò sì sí ẹnìkejì tí wọ́n ní kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ọjà ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀. Wọ́n pe àmì náà. Sáfà méje jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun. Ẹ̀kẹjọ jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ohun tó mọ̀ ọ́n sí, Power Peg sì jí lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Òǹkà tí ì bá sọ fún un pé ó tó kò sí níbi tó ti máa ń wò ó mọ́, nítorí náà kò mọ̀ pé ó ti tó. Ó ń rà, ó ń tà. Láti orí iṣẹ́ 212 tí oníbàárà rán wọn, ó ṣe káràkátà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin lórí ìpín ilé iṣẹ́ 154, láàárín ìṣẹ́jú 45. Ohun tí wọ́n pàdánù lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là.

Nígbà tí jìnnìjìnnì bò wọ́n, ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n rò pé kóòdù tuntun ló ń fa wàhálà, wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lórí sáfà méje tó ń ṣe dáadáa. Àmì náà wá ń jí Power Peg lórí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Orúkọ kan tó ní ìtumọ̀ méjì ni wọ́n dì mú, kò sì sí ẹni tó lè sọ nínú ìpayà yẹn pé èwo ni ìtumọ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó gbé mi lọ́kàn jù ni pé ẹ̀rọ ti kìlọ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ku wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ọjà ṣí, í-meèlì 97 ni ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ Power Peg wà nínú wọn. Bí ẹnìkan bá ṣí ọ̀kan péré, tó bi í pé kí ni Power Peg ń wá níbí lónìí, bóyá ìbá ti rí sáfà ẹ̀kẹjọ. SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọjà ìpín, kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 pé àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í sábà ka í-meèlì bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá dé. Wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn. Nígbà náà, Knight tí à ń sọ kò dá dúró mọ́, ó ti dà pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn láti oṣù keje.

Í-meèlì 97. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọjọ́ orí yín, mo ń tọ́jú ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ kan. Alaalẹ́ ni ẹ̀rọ máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé dísìkì kan tó ń jẹ́ B kò jẹ́ òun lóhùn. A ti yọ B kúrò, n kò sì yọ orúkọ rẹ̀. Mo wá ní kí gbogbo ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà wá máa bọ́ sí ibi tí n kò ní rí i. Nígbà tí dísìkì A náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, inú ibẹ̀ náà ni ìwé rẹ̀ ń bọ́ sí. Oṣù mẹ́rin iṣẹ́ àwọn èèyàn ló ṣègbé. Obìnrin kan tó ń ṣe ìṣírò owó níbẹ̀ sunkún lójú mi. N kò tíì gbàgbé ojú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohùn mi fi ga báyìí.

Ẹ wo bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Jenkins, sọ́fítíwíà ìdánwò aládàáṣiṣẹ́ tí púpọ̀ nínú yín ń lò, ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ gan-an, "master" ni àmì rẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 2021 wọ́n fẹ́ kó máa jẹ́ "built-in." Wọ́n lè yí i lójijì. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá yí orúkọ náà padà lóru, gbogbo iṣẹ́ tó ń pe "master" láàárọ̀ kò ní rẹ́ni dáhùn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé Jenkins kalẹ̀ ni wọ́n fún ní orúkọ tuntun. Àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìkìlọ̀ síwájú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó sì tẹ bọ́tìnnì náà nígbà tó bá ṣe tán. GitHub náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ pa àmì ubuntu-20.04 rẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n kéde rẹ̀ ṣáájú. Wọ́n tún dìídì ń mú kí iṣẹ́ tó bá pe àmì yẹn kùnà fún wákàtí díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, kí ara lè fu ẹni tó ń sùn. Mo rí ubuntu-20.04 yẹn náà nínú fáìlì àwọn ọmọ wọ̀nyí, nínú iṣẹ́ kejì tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti rí ìkìlọ̀ náà nígbà tó dé. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ.

Àwíjàre tí mo ń gbọ́ jù ni pé ẹni tó kọ ọ́ ti jápá. Ó wà ní Kánádà, ó wà ní Mánṣẹ́sítà, kò sí ẹni tó mọ ìdí tó fi fi àmì yẹn síbẹ̀, ẹ̀rù wá ń bà yín láti yọ ọ́. Ẹ̀rù yẹn kò burú, ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n WhatsApp wà lọ́wọ́ yín tí ẹ fi ń kí i kú ọjọ́ ìbí. Ẹ bi í. Ẹ̀yin tí ẹ lọ náà, mo ń bá yín wí o. Ẹ kó aṣọ, ẹ kó ìwé ẹ̀rí, ẹ dágbére fún bàbá àti ìyá, ẹ wá fi orúkọ méjìdínlógún tí kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àbúrò yín. Kí ló dé tí ẹ kò jókòó tì wọ́n fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo kí ẹ tó lọ?

Àwọn mìíràn ní àkókò ò sí. Ọmọbìnrin kan fi ọjọ́ kan tún ohun tó dára kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkókò wo ni ẹ ń sọ?

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Mo ní kí wọ́n pa ìfèsì ẹ̀rọ yẹn ná, kí ó dákẹ́. Kí wọ́n wá gbogbo ibi tí orúkọ ẹ̀rọ tàbí orúkọ ìdánwò wà, nínú fáìlì, lára ẹ̀rọ, àti lẹ́nu ọ̀nà níbi tí òfin wà, nítorí ẹnu ọ̀nà ni gbogbo yín máa ń gbàgbé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbà tí ẹ̀rọ kan dáhùn sí i gbẹ̀yìn àti ẹni tó ni ín. Orúkọ tí kò ní olówó, kí wọ́n yọ ọ́. Orúkọ tó ń sọ pé òun tuntun, tàbí pé òun ni ìkẹyìn, kí wọ́n fi ohun tó jẹ́ gan-an rọ́pò rẹ̀, torí gbogbo tuntun ló ń gbó. Kí wọ́n má sì mú orúkọ òkú fún alààyè, bó ti wù kó kúrú tàbí kó rọrùn láti kọ tó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba agbára fífo ilẹ̀kùn lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, kó kù sọ́wọ́ ẹni méjì, kí àwọn méjèèjì sì máa kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá fò ó.

Ọmọkùnrin yẹn béèrè pé ṣé kí àwọn wá tan ìfèsì náà padà nígbà náà. Mo ní rárá, ó ku nǹkan kan. Kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù jẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá pupa á yọ. Bí pupa bá yọ níbi tó yẹ, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n wò ó bóyá àwọ̀ ewé á yọ. Ẹ̀rọ tí ẹ ò tíì rí kó sọ pé rárá, ẹ má tíì gba bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ gbọ́. Ó dákẹ́. Mo rí i pé ó wọ̀ ọ́ lára. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin yẹn, ó ní kó má bínú. Mo fi ìyẹn yìn ín, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò.

Ọ̀gá wọn ti lọ bá ìyá oníṣu náà. Ó dá owó rẹ̀ padà fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ìsọ̀ tó wà níbẹ̀, bí mo ti ní kó ṣe, nítorí ojú ọjà ni wọ́n ti pè é ní ẹni tí kò mọ owó kà. Wọ́n ní ìyá náà mú ìwé kékeré yẹn jáde, ó tún fi ìlà méjèèjì hàn wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé ní aago mẹ́wàá, n óò padà síbẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ kó mú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àmì náà sí lọ́wọ́, kó máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹni tó ni ín sì máa dáhùn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn sí, ojú mi ni wọn yóò ti pa á rẹ́.